Bí a ṣe ń fèsì nígbà tí ẹnìkejì bá ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ kúrò ní Òṣogbo

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ̀yin lẹ pẹjọ́ lórí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà Ọba, tí bèélìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń fi ìwé jíṣẹ́, wá gbé ìwé dé pé olùjẹ́jọ́ fẹ́ kí ẹjọ́ náà máa lọ sí Iléṣà. Ẹ gba ìwé náà, ẹ fọwọ́ sí i. Gbígbà tẹ́ ẹ gbà á kò sọ pé ẹ fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á sára ẹ̀dà tiyín, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n á ti máa ka iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní láti fèsì. Nínú òfin ìlànà ilé-ẹjọ́ gíga ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nílẹ̀ yìí, ọjọ́ 7 ni. Ẹ bi akọ̀wé kóòtù tiyín léèrè lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má fi dọ̀la.

Ẹ wo irú ìwé tó jẹ́

Bó bá jẹ́ móṣọ̀n, ìyẹn ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi síwájú kóòtù, adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ máa fèsì fún, pẹ̀lú àfídáfítì ìtakò (ìwé tẹ́ ẹ búra sí láti fi ta ko tiwọn) àti àlàyé òfin tí lọ́yà yín kọ. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ni wọ́n kọ sí Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ń pín ẹjọ́ fún àwọn adájọ́, lẹ́tà lẹ máa fi dáhùn. Àwọn mìíràn máa ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láìfi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹnìkejì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ fìrìfìrì rẹ̀, ẹ ní kí lọ́yà yín kọ̀wé béèrè ẹ̀dà kíákíá.

Ẹ wá ìdí tí wọ́n dì mú

Wọ́n lè ní kóòtù tẹ́ ẹ gbà lọ kọ́ ló yẹ. Lórí ilẹ̀, ibi tí ilẹ̀ wà lẹjọ́ ń gbé: ilẹ̀ Òkè-Baálẹ̀ kò lè ṣí lọ sí Iléṣà nítorí pé ibẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ ń sùn. Ti àdéhùn yàtọ̀ díẹ̀: ibi tó yẹ kí wọ́n ti mú un ṣẹ àti ibi tí olùjẹ́jọ́ ń gbé ni wọ́n ń wò, nítorí náà ó lè rí ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀.

Wọ́n sì lè ní àwọn ò fọkàn tán adájọ́. Abala 36 òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, tó sọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ́jọ́ òdodo, ni wọ́n á na ọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n pé adájọ́ kọ ẹ̀bẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan kò tó ẹ̀rí pé ó ń ṣe ojúsàájú. Ẹ béèrè: kí ló ṣe, lọ́jọ́ wo? Ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ọjọ́ náà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ fi kún un pé bó bá jẹ́ adájọ́ yẹn ni wọn ò fẹ́, adájọ́ mìíràn wà ní Òṣogbo. Èmi fẹ́ràn ìdáhùn yìí gan-an, torí ó máa ń fi hàn bóyá ìdájọ́ òdodo ni wọ́n ń wá tàbí wọ́n kàn fẹ́ kó yín lọ́nà jíjìn.

Àfídáfítì ìtakò

Ibí yìí niṣẹ́ wà. Ẹ mú tiwọn ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fèsì sí gbogbo èyí tí kì í ṣe òótọ́, torí ohun tẹ́ ẹ bá dákẹ́ sí, kóòtù á gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 115, kò fẹ́ àríyànjiyàn òfin, ẹ̀bẹ̀ tàbí èrò ọkàn nínú rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló fẹ́. Èyí kò dára: «Oníjìbìtì ni olùjẹ́jọ́, ó fẹ́ fìyà jẹ mí ni.» Èyí ló dára:

«Ṣọ́ọ̀bù tí à ń jà lé lórí wà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo. Ẹlẹ́rìí mi kan ti lé ní ẹni 70 ọdún, Òkè-Baálẹ̀ ló ń gbé, orúnkún kò sì jẹ́ kó lè wọkọ̀ lọ Iléṣà. Mo so ìwé dókítà rẹ̀ mọ́ ọn, àmì rẹ̀ ni A.»

Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló sọ ọ́ fún yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́, àti pé ẹ gbà á gbọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá ti jẹ́rìí, ẹ kọ iye wọn síbẹ̀ dandan. Tí ẹjọ́ bá bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ tuntun, àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tún un gbọ́, gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ á sì padà wá sọ̀rọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ja ẹjọ́ ṣọ́ọ̀bù níbí o! Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n á ti gbọ́ ọ nìkan la ń sọ.

Ìbúra àti ìfijíṣẹ́

Iwájú òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra ní kóòtù lẹ ti máa búra, kì í ṣe iwájú lọ́yà tiyín. Ẹ san owó, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀dà dọ́wọ́ ẹnìkejì. Ẹni tí kò bá lágbára owó lọ́yà lè lọ béèrè ìrànlọ́wọ́ ní Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin.

Títí tí wọ́n á fi pàṣẹ, Òṣogbo ni ẹjọ́ yín ṣì wà, nítorí náà ẹ máa wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Bí wọ́n bá gbé e lọ, ẹ béèrè ọjọ́ tí fáìlì kúrò, ẹ tẹ̀lé e dé kóòtù tuntun, ẹ gba nọ́ńbà tuntun àti ọjọ́ ìjókòó, kí ẹ tó sọ fún àwọn ẹlẹ́rìí yín.