Bí ìpara òrí mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ hóró

Ìpara òrí tí mo ń pò nílé máa ń jọ̀lọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, hóró wẹ́wẹ́ bí iyanrìn yóò ti kún inú rẹ̀. Mo pààrọ̀ òróró, mo tún un pò títí apá fi ń ro mí, pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, mo yọ́ òrí náà lórí omi gbígbóná títí kò fi sí hóró kankan mọ́, mo sì gbé abọ́ náà sínú fíríìjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí mo ń rò ó ní ìṣẹ́jú 5 síra wọn títí ó fi ń dì bọ̀, nítorí títutù díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ọ̀rá tó tètè ń dì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Oṣù 2 rèé, ó ṣì ń jọ̀lọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú òrí kan ṣoṣo ni mo fi dán an wò.