Bí mo ṣe wọn iye dísẹ́ẹ̀lì tí ọkọ̀ ń jẹ n'Ìbàdàn

Bí mo ṣe ṣe é nìyí: mo rọ táǹkì kún, mo wa ọkọ̀ lọ, mo sì tún rọ ọ́ kún; líta tí mo fi tún un kún ni ọkọ̀ jẹ. Ibi tí ìṣirò epo ti máa ń bàjẹ́ jù ni ẹnu táǹkì. Dísẹ́ẹ̀lì ń hó bí omi ọṣẹ. Ìfófó rẹ̀ á gùn dé ẹnu ọ̀pá pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á já (ìyẹn ni pé á dá dúró fúnra rẹ̀), ẹ á sì rò pé ó ti kún, bẹ́ẹ̀ ó lè ku líta 2. Bí ẹ bá ti lo líta 20 péré kí ẹ tó tún rọ, àṣìṣe ìdá 10 nínú 100 nìyẹn. Bí ẹ bá lo 60, ó dín sí bíi 3. Ìdí nìyí tí n kì í fi í padà sí ilé epo láìtíì lo tó líta 30.

Toyota Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì ni mo wọ̀n. Ilé epo kan náà ni Ring Road, pọ́ǹpù kan náà, ibi tó tẹ́jú, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ n'Ìbàdàn, ẹ sì ṣọ́ra fún un: ọkọ̀ tó bá dagun á há afẹ́fẹ́ mọ́ inú táǹkì. Nígbà tí pọ́ǹpù já lẹ́ẹ̀kíní, a dúró fún ìṣẹ́jú méjì kí ìfófó rọlẹ̀, a wá rọra tẹ̀ ẹ́ títí ó fi já lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ la dáwọ́ dúró. Ẹ má rọ ọ́ dé ètè táǹkì, torí bí oòrùn bá pa á, dísẹ́ẹ̀lì á wú, á sì ṣàn dànù.

Mo dá mítà tírípù, èyí tó ń ka kìlómítà ìrìn kọ̀ọ̀kan, padà sí òdo, mo kọ líta sílẹ̀. Kí táyà tó gbóná, mo fi gééjì wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ kó bá iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn dírébà mu. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń tún un wọ̀n.

Mítà ọkọ̀ pàápàá kò ṣeé gbà gbọ́ tán. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó, nígbà tí GPS fóònù ka kìlómítà 50, ọkọ̀ ka 51. Táyà tó ti jẹ, tàbí tó kéré sí ti ilé iṣẹ́, ló ń fà á: ó ń yí ju bó ṣe yẹ lọ.

Rírọ mẹ́ta ni mo ṣe. Ìgboro àti ọ̀nà jíjìn pọ̀: kìlómítà 412, líta 43.1. Ọ̀nà Èkó ní àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, eré kìlómítà 80 sí 90 ní wákàtí kan: kìlómítà 506, líta 47.4. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀ àti Challenge, tí AC kò kú: 287, líta 34.5. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, epo ń lọ, kìlómítà kò kúrò níbi tó wà.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 9.56, 10.68 àti 8.32 kìlómítà fún líta kan. Ẹ má ro ìwọ̀nyí pọ̀ kí ẹ wá fi 3 pín in. 9.52 lẹ máa rí, kò sì tọ̀nà, torí rírọ tí kìlómítà rẹ̀ kéré jù á ní agbára kan náà pẹ̀lú ti ọ̀nà Èkó. Gbogbo kìlómítà, 1,205, ni kí ẹ fi gbogbo líta, 125, pín: 9.64. Mo wá tún fi 1.02 pín in nítorí àṣìṣe mítà (51 dípò 50): 9.45. Bẹ́ẹ̀, 10.4 ni dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ fi hàn!

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ yìí wé ti pẹtiróòlù, iye náírà lórí kìlómítà kan ni kí ẹ wò, torí agbára inú líta dísẹ́ẹ̀lì kan fi bíi ìdá 10 nínú 100 ju ti pẹtiróòlù lọ. Bí ọkọ̀ tòkunbọ̀ yín bá sì ní DPF (asẹ́ tó ń gba ẹ̀gbin èéfín dúró), ó ń fi epo kún epo nígbà tó bá ń jó ẹ̀gbin inú asẹ́ náà dànù. Rírọ tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí léraléra, ẹ má fi wé èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí.