Ajá ń bẹ nílé, adìẹ ṣì ń dín kù

Ìbéèrè: Ajá méjì ni mo ní, síbẹ̀ àwòdì gbé òròmọdìẹ mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Kí ni àwọn ajá yìí ń ṣe gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ má bá wọn wí. Imú ni ajá fi ń ṣọ́lé, ilẹ̀ ni imú rẹ̀ sì wà. Kí ó tó gbójú sókè, àwòdì ti padà sórí ọ̀pẹ. Tanímọ̀la, ajá tèmi, a máa gbó o kíkankíkan, àmọ́ ìgbà tó bá ti lọ tán ni. Ìyá adìẹ ló ń kọ́kọ́ rí i: á fa ohùn gùn lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ á sì sá wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀.

Àgò ló gbà mí. Ìyá tọmọ ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí àwọn ọmọ á fi wúwo díẹ̀. Àwọn kan máa ń pa òròmọdìẹ láró kí àwòdì má baà dá a mọ̀. Ìyá mi ṣe é. Àwòdì gbé aláró náà.

Ìbéèrè: Òru ni tiwa ń kú. Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ohun tó fi sílẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí adìẹ mẹ́ta, mẹ́rin bá kú lóru kan, tí ọrùn wọn já, tí a ò sì jẹ wọ́n tán, ẹtà tàbí ìjàkùmọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹyin bá pòórá láìsí èèpo, tàbí tí àgbà adìẹ kú tí orí rẹ̀ tutù fún itọ́, ejò ni: ó fẹ́ gbé e mì, kò ṣeé ṣe. Bí ìyẹ́ kankan ò bá sí nílẹ̀ tí àgádágodo sì wà ní ṣíṣí, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni.

Ajá wúlò fún ẹtà, ìjàkùmọ̀ àti olè, bí ẹ bá tú u sílẹ̀ lóru. Bí ẹ bá so ó mọ́ géètì nígbà tí ilé adìẹ wà lẹ́yìnkùlé, mọ́tò lẹ ní kó máa ṣọ́.

Ti ejò, ẹ má rán ajá sí i. Ṣèbé á pa á. Nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ ò gba orí ìka ni kí ẹ fi yí ilé adìẹ ká, kí ẹ sì máa gbá oúnjẹ tó bá dà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Oúnjẹ ló ń pe eku, eku ló ń pe ejò.

Ìbéèrè: Ajá wa fúnra rẹ̀ ló pa méjì lánàá. Wọ́n ní kí n so òkú adìẹ mọ́ ọn lọ́rùn.

Ìdáhùn: Rárá o, á kàn jẹ ẹ́ ni. Eré ni ajá ka sísá adìẹ sí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó rí i sá. Ẹ fún un lóúnjẹ yó, ẹ fi okùn mú un jókòó níbi tí adìẹ ti ń jẹ, lójoojúmọ́. Ọmọ ajá olóṣù méjì á tètè kọ́ ọ. Àgbà ajá tó ti pa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọgbà ni kí ẹ fi là wọ́n. Ẹ má sì ju ìfun adìẹ tútù fún un mọ́.

Ìbéèrè: Irú ajá wo ló dára jù?

Ìdáhùn: Ajá ìbílẹ̀ tó dàgbà láàárín adìẹ tó mi. Kangal àwọn ará Tọ́kì tó lókìkí nídìí ṣíṣọ́ àgùntàn, àárín agbo náà ni wọ́n ti ń tọ́ ọ láti kékeré. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un lọ́dọọdún, torí ẹran ìgbẹ́ tó bá bá jà lóru lè kó o ràn án.