Wípà, omi òjò àti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan: bí mo ṣe fọ wíńdò ilé wa lẹ́yìn ọyẹ́

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí ná kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ: ẹni tó bá fẹ́ kí gíláàsì wíńdò òun mọ́ láìsí ìlà lára ẹ̀, rọ́bà wípà, ohun ọlọ́wọ́ tó ní rọ́bà létí tí wọ́n fi ń fa omi kúrò lára gíláàsì, àti omi ni kó wá ojú ẹ̀, kó fi àwọn omi aláwọ̀ búlúù inú ike tí wọ́n ń fọ́n yẹn sílẹ̀ jàre. Mo fọ gbogbo wíńdò ilé wa tán, mi ò fọ́n nǹkankan.

Ilé àtijọ́ ni ilé wa n'Íbàdàn, lúfà ni wọ́n fi sí gbogbo ìsàlẹ̀, nígbà tí Bàámi wá gbé òkè lé e wọ́n fi wíńdò alumíníọ̀mù sí i, àwọn sliding tó ní nẹ́ẹ̀tì yẹn, torí náà oríṣi iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀, irinṣẹ́ tó bá ọ̀kan mu ò sì bá ìkejì mu rárá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí ọyẹ́ kọjá ni. Eruku ọyẹ́ yìí, apá Sàhárà lọ́hùn-ún ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e bọ̀, ó kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ dáadáa, kò sì síbi tí kì í wọ̀, tẹ́ẹ bá lọ fọ wíńdò nínú oṣù kìíní, kó tó pẹ́ kó tó jìnnà ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ fọ nǹkankan.

Ó yá, wípà. Tẹ́ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, squeegee ni kẹ́ẹ tẹ̀ o, torí tẹ́ẹ bá tẹ wiper, ti mọ́tò ni wọ́n á máa gbé jáde fún yín. Èyí tó pọ̀ jù ní Dùgbẹ̀ ni oníke tó ní fóòmù lẹ́yìn, ìyẹn ò burú fún gíláàsì mọ́tò, àmọ́ rọ́bà ẹ̀ ti ki jù, kì í tẹ̀ mọ́ gíláàsì, omi á sì máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Èyí tó dáa, irin tí kì í dípẹtà tàbí bráàsì ni wọ́n fi ṣe ibi tó di rọ́bà mú, ẹ sì lè yọ rọ́bà yẹn kẹ́ẹ fi òmíì sí i. Ará Ítálì kan tó lọ gbé ní California, Ettore Steccone, ló ṣe irú èyí tó ní bráàsì jáde ní 1936, títí dòní ohun tó ṣe yẹn náà ni wọ́n ṣì ń wò ṣe é. Kí n tó sanwó mo rọra fi èékánná tọ etí rọ́bà ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ibi tó bá ti ṣá díẹ̀ péré, ibẹ̀ ni ìlà á ti máa jáde, ọṣẹ òyìnbó yòówù kẹ́ẹ fi fọ̀ ọ́ láyé yìí, ìlà yẹn ò ní lọ. Ẹ tún wo ẹnu ẹ̀ lápá méjèèjì, ó yẹ kí rọ́bà yọrí díẹ̀ kọjá irin, bí kò bá yọ irin ló máa ha férémù.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń fọ wíńdò ọ́fíìsì l'Ékòó ni mo pè kí n tó lọ sọ́jà. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà nínú àwọn ọṣẹ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Fi ọṣẹ sílẹ̀, àbúrò. Ra rọ́bà méjì sílẹ̀, èyí tó le ni kó o rà o, ooru tiwa ò jẹ́ kí èyí tó rọ̀ dúró." Ó tún ní tí etí kan bá ti ń fa ìlà kí n yọ ọ́ kí n yí i padà, torí etí méjì ni rọ́bà kan ní. Lórí ìwọ̀n, ó ní sẹ̀ǹtímítà 45 lòun fi ń ṣe gíláàsì ńlá tọ́fíìsì, kí èmi má wulẹ̀ ra ìyẹn, kí n ra 35, lóòótọ́ 35 yẹn gba abala kan wíńdò sliding tiwa ní ìgbà méjì geere. Tí ilé yín bá ní gíláàsì wẹ́wẹ́, 25 ni kẹ́ẹ rà.

Ohun tí wọ́n fi ń pa omi sára gíláàsì, àwọn oníṣẹ́ ní ti wọn, ọ̀pá tó rí bíi T tí wọ́n fi aṣọ microfibre tó máa ń mumi wọ̀ lẹ́wù. Mi ò rà á. Mo gé táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́, mo rán an mọ́ igi pẹlẹbẹ kan, iṣẹ́ kan náà ló ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi í jẹun kó ra ojúlówó o, torí táwẹ́ẹ̀lì máa ń wúwo tó bá ti mumi, ọwọ́ á sì máa roni tó bá ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Omi wá ni olórí ọ̀rọ̀. Omi kànga tiwa kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ìdí kẹ́tù wa sì ti funfun báláú. Kálíṣíọ̀mù àti magnísíọ̀mù inú omi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ló máa ń gbẹ mọ́ gíláàsì tí á fi di àmì tótòtó tẹ́ẹ máa ń rí nígbà tóòrùn bá yọ, tẹ́ẹ á máa rò pé ẹ ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Omi òjò ni mo lò. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀, mo jẹ́ kó fọ eruku orí páànù lọ, ìgbà tí òmíì rọ̀ ni mo tó gbé dírọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ọṣẹ tí mo bù sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ò kún ọmọrí ìgò, ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́ náà ni, kì í ṣe ọṣẹ ìyẹ̀fun o, ìyẹn máa ń fi funfun sílẹ̀. Àbúrò mi tó wà n'Ílùú Ọba sọ fún mi pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń fọ wíńdò lọ́dọ̀ wọn kì í tiẹ̀ lo ọṣẹ, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á na ọ̀pá gígùn tó ní burúṣì lókè, omi tí wọ́n ti sẹ́ gbogbo nǹkan kúrò nínú ẹ̀ á máa gba ọ̀pá náà jáde, wọn ò ní nù ún, á gbẹ fúnra ẹ̀, kò sì ní ní àmì, torí kò sí nǹkankan nínú omi ọ̀hún tó máa ṣẹ́ kù. Látìgbà tí wọ́n ti ṣòfin lórí iṣẹ́ ibi gíga níbẹ̀ ní 2005, wọn ò fẹ́ kéèyàn kàn máa gun àkàbà bó ṣe wù ú mọ́.

Àwọn sliding ni mo kọ́kọ́ ṣe. Gbígbẹ ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má da omi lé eruku ọyẹ́ lórí, ẹrẹ̀ ló máa dà, tẹ́ẹ bá sì fi àkísà gbo ó, iyanrìn inú ẹ̀ máa ha gíláàsì. Mo gbé nẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀ nínú férémù, mo fa ìsàlẹ̀ ẹ̀ yọ, mo gbé e lọ séyìnkùlé mo fi burúṣì gbá a. Mo wá fi burúṣì ìkunlé kó eruku ojú irin tí wíńdò ń gbà kúrò. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ẹ tẹtí sí: ẹ wo ìsàlẹ̀ férémù níta, ẹ máa rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀nà omi òjò nìyẹn. Ti yàrá Màámi ti dí pa, eruku àti ìyẹ́ kòkòrò ló kún un, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fi rọra tú u, mo bu omi sójú irin, ó sì ṣàn jáde síta wàrà. Àṣé òun ló ń jẹ́ kí omi máa wọ yàrá tójò bá ti ń rọ̀, tá a wá ń bú ẹni tó bá wa ṣe alumíníọ̀mù látọjọ́ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo pa omi ọṣẹ sí gíláàsì, ibi tí ọ̀dà ta sí mo fi scraper olójú rézọ̀ ṣe é, omi gbọ́dọ̀ wà lára gíláàsì o, iwájú nìkan lẹ sì máa tì í sí, ẹ má fà á padà. Tí gíláàsì bá ní tíńtì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má gbé scraper débẹ̀ rárá. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu etí òkè fẹ́ẹ́rẹ́ kí omi má baà máa ṣàn bọ̀ látibẹ̀, mo wá fi wípà fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, mo ń nu rọ́bà lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan. Aṣọ kì í kan àárín gíláàsì, etí nìkan. Àárọ̀ ni mo ṣe apá ìwọ̀-oòrùn, ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣe ìlà-oòrùn, torí tóòrùn bá ń kọlu gíláàsì omi á gbẹ kí wípà tó dé ibẹ̀. Fún ìta òkè, mo so wípà mọ́ ọ̀pá tó ń gùn tó ń kúrú, mo dúró sí bálíkónì, ibi tọ́wọ́ ò tó mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní okùn àti bẹ́líìtì. Mi ò lè tìtorí wíńdò já bọ́.

Lúfà ò fẹ́ wípà, kò fẹ̀ tó, irin burúgílárì tún wà níwájú ẹ̀. Mi ò sì yọ wọ́n, torí ibi tó di gíláàsì mú ti gbó, tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó máa kán. Mo ṣí wọn kalẹ̀ pẹrẹsẹ, mo wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn torí etí wọn mú, mo fi súọ̀kì (ìbọ̀sẹ̀) àtijọ́ bọ̀ ọ́ lórí, mo fọwọ́ gbá gíláàsì mú lókè nísàlẹ̀, mo fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́: súọ̀kì ọṣẹ, súọ̀kì omi lásán, súọ̀kì gbígbẹ. Màámi ní ìwé ìròyìn làwọn fi ń ṣe é láyé àwọn, òótọ́ ni, kì í fi òwú sílẹ̀, àmọ́ dúdú inú ẹ̀ máa ń ba ọwọ́ àti férémù funfun jẹ́. Kẹrosíìnì dáa fún ibi tí wọ́n lẹ sítíkà mọ́, àmọ́ ẹ fi ọṣẹ tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eruku á tún lẹ̀ mọ́ ọn kíákíá.

Ó wá ku wíńdò kékeré balùwẹ̀, gíláàsì tí kì í jẹ́ ká rí inú. Omi kànga ti ta sí i lára tipẹ́, ó ti dì bí ẹfun, ọṣẹ ò ràn án. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo là sí méjì tí mo fi ń ra á, mo fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo fi burúṣì gbo ó, mo sì da omi òjò lé e dáadáa kí ọsàn má baà jẹ alumíníọ̀mù. Èyí tó ti pẹ́ jù lójú ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra á kó tó ṣí.