Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mójútó Nǹkan: Bí A Ṣe Ń Darí Síkáòtù ní Kàbbà

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ aṣọ ni mò ń ṣe ní Kàbbà, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán Sátidé, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù (Scout) á ti máa dúró dè mí ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn kan láti Ìyàrá, Mọ́pà àti Ìsánlú ti ń bi mí bí àwọn náà ṣe lè dá tiwọn sílẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n sì kọ́kọ́ ń bi mí ni ti yunifọ́ọ̀mù. Èmi ni mo ń rán an, mo lè sọ fún yín pé yunifọ́ọ̀mù kọ́ ni ìṣòro. Ibi tó le ni kí àgbàlagbà fi nǹkan gidi lé ọmọ lọ́wọ́, kó wá panu mọ́.

Kẹ́ ẹ tó pe ọmọ kankan, ẹ wá àgbàlagbà kejì, kó dára jù bẹ́ ẹ bá jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kò gbọdọ̀ sí ìgbà kan tí àgbàlagbà kan á dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ò tó wọn. Ẹ kàn sí àwọn aláṣẹ Síkáòtù ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n lè kọ́ yín níṣẹ́. Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ni pápá, kẹ́ ẹ rí pásítọ̀, kẹ́ ẹ rí lèmọ́ọ̀mù, kí òbí má baà rò pé ẹ fẹ́ gba ọmọ òun kúrò nínú ẹ̀sìn òun. Ní ti ìpàgọ́, èmi ò ní kó ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sùn sínú igbó lásìkò yìí. Ẹ̀yin náà mọ bí ojú ọ̀nà wa ṣe rí. Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tó ní fẹ́ǹsì là ń pàgọ́ sí, ọdẹ á wà lẹ́nu géètì, kò sì sí ọmọ tó ń dá jáde.

Ẹ wá pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Mẹ́fà sí mẹ́jọ ló dáa. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á rí ibi fara pamọ́ sí, kò ní ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan ọ̀rẹ́ o. Nígbà tí Baden-Powell, ẹni tó dá Síkáòtù sílẹ̀, kó ọmọkùnrin bí ogún lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Ògọ́sì ọdún 1907, àwọn ọmọ olówó láti ilé-ẹ̀kọ́ bí Eton àti Harrow wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ láti Boys' Brigade ti Poole àti Bournemouth wà níbẹ̀. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ló pín wọn sí, ó da olówó àti aláìní pọ̀, ó sì yan ọmọ kan ṣe olórí lórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí ohun tó dáa ju ìyẹn lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe owó nìkan là ń dà pọ̀. Apá mẹ́ta ni ìlú wa pín sí: ọmọ Katú, ọmọ Òdòlú àti ọmọ Kàbbà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀wọ́ kan náà. Ọmọ Ìgbìrà wà níbẹ̀, ọmọ oníṣòwò Ìgbò wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Èkó sọ́dọ̀ ìyá àgbà náà wà níbẹ̀. Kí àgbà àti kékeré wà pọ̀ nínú ọ̀wọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹranko pe ara wọn. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ jẹ́ Kìnnìún, nítorí náà kò sí Kìnnìún rárá lọ́dọ̀ wa. Ẹkùn wà, Àṣá wà, Àgbọ̀nrín wà, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì wà.

Ọ̀rọ̀ olórí ọ̀wọ́ ló ń fa wàhálà jù. Àwọn òbí á ti máa fojú sí ọmọ ẹni ńlá, àwọn ọmọ fúnra wọn á sì máa tọ́ka sí ẹni tó ga jù tàbí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù. Ẹ má kánjú. Ẹ fún wọn níṣẹ́ ná, kẹ́ ẹ wá máa wòran. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni iyán gígún. Mo máa ń fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣu, ìkòkò, odó kan àti ọmọ odó mẹ́ta, mo sì ń fún wọn lówó kí wọ́n fi ra ẹ̀gúsí, ata àti ẹja gbígbẹ. Mi ò ní kọ ohun tí wọ́n máa rà fún wọn. Bí wọ́n bá gbàgbé iyọ̀, wọ́n á jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Bí iṣu bá ti jinná, àwọn mẹ́ta á yí odó ká. Bí èyí bá ń gbé tirẹ̀ sókè, ti ẹnì kejì ń bọ̀ nílẹ̀, ti ẹnì kẹta ń tẹ̀ lé e. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè yára ju àwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára hàn, ọmọ odó rẹ̀ á gbá ti ẹlòmíì, iṣu á fò sílẹ̀, ariwo á sì ta. Ẹ má dìde. Láìpẹ́ ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ orin kí ọwọ́ wọn lè bára mu, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tẹ́ ò fọkàn sí. Ẹ ṣọ́ onítọ̀hún. Ẹ tún ṣọ́ ẹni tó rí i pé apá ọmọ kékeré kan ti ń gbọ̀n, tó rọra gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ pé ó rẹ òun, tí kò sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí mo máa ń fi ṣe olórí ọ̀wọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ obìnrin, ì báà jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Bí iyán bá kókó, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ kan odó náà.

Tọ́ọ̀mù kan ni olórí ń lò, igbákejì á wá gba ipò rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun ní Sátidé, àwọn olórí ọ̀wọ́ á kọ́kọ́ jókòó pọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò: kí la máa ṣe lónìí, ta ló jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́, ta ni kò wá? Èmi náà ń jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, bí mo bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Ìwé owó wà lọ́wọ́ ọmọ, kì í ṣe lọ́wọ́ mi. Mo kàn ń wò ó lóṣooṣù ni.

Bí ọmọ kan ò bá wá, olórí ọ̀wọ́ rẹ̀ àti ẹnì kan sí i ni kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí àgbàlagbà bá lọ, ìyá rẹ̀ á rò pé ó ti ṣẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń lọ báyìí ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọbìnrin kan ń bá ìyá wọn tajà títí di ọ̀sán. Àwọn olórí ló pinnu pé ká sún ìpàdé sí aago mẹ́rin, kó sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Sìkáàfù kì í ṣe títà. Mo máa ń gé e láti ara aṣọ tó bá ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ká etí tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀wọ́ rẹ̀ á sì so ó mọ́ ọn lọ́rùn lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn kan á rán an wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ má tú u. Ọmọ tó bá wá sanwó fún sìkáàfù lè sọ ọ́ nù. Èyí tó gún un níka kì í sọnù.

Ẹ tún kíyè sí ẹ̀rín. Ọmọ tó ti Èkó dé lè sọ̀rọ̀ kí àwọn tó ń sọ Ọ̀wẹ́, èdè Kàbbà níbí, bú sẹ́rìn-ín, ọmọ Bùnú náà lè sọ tirẹ̀ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lálẹ́ ìpàgọ́, bí a bá ti dáná, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń kí ìyá nílé tirẹ̀ àti orin kan. Ọmọ Ìgbìrà ló kọ́ wa lórin tí àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń gúnyán báyìí.

Ìjà á ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ́ parí rẹ̀ fúnra wọn lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹnì kan bá ṣèṣe tàbí bí ọ̀rọ̀ bá kan olè tàbí ìfọwọ́kàn tí kò yẹ. Ìyẹn ti ẹ̀yin àti òbí ni, kò sì gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí ìyá kan bá sì wá fẹjọ́ sùn pé ọmọ òun ti ń pàṣẹ fún àwọn àbúrò nílé látìgbà tó ti di olórí ọ̀wọ́, ẹ bi í bóyá ọmọ náà ń fọ abọ́ pẹ̀lú wọn. Bó bá ń fọ̀ ọ́, ẹ ní kí màmá ṣe sùúrù. Bó bá jẹ́ pé àṣẹ nìkan ló ń pa, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sábẹ́ igi máńgòrò, kí àwọn olórí yòókù bá ẹnìkejì wọn sọ ọ́.