Bí mo ṣe fi sóòlà sí yàrá iṣẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ jẹun. Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí wà ní Èkó, èmi sì wà ní tèmi ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn gáréèjì Ìbàdàn, nínú ilé ìyá àgbà kan tí mo gba yàrá méjì lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Owó ilé ò ga jù mí lọ, ọjà Òkè-Ajé ò jìnnà, bí mo bá sì pa kọ̀ǹpútà dé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi tí mo ti ń jẹ ìkòkòrẹ́, láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan. Iná nìkan ló ń da ayé mi rú.

Iná ìjọba ń wá o, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí yóò lọ. Ìṣẹ́jú tó bá lọ yẹn, ráútà á kú, ohùn mi á sì gé láàárín ìpàdé. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa pe orúkọ mi, èmi náà á máa wo gílóòbù ráútà bó ṣe ń ṣẹ́jú, tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kó tó rí i, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dá sí ti tán. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó oṣù mi. Ariwo rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Èèyàn ò lè máa wá àṣìṣe nínú ètò tó gùn, kí jẹnẹrétọ̀ máa ké mọ́ ọn létí láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo wá pinnu láti fi sóòlà sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Sàgámù àti Ìlíṣàn ń bi mí bí mo ṣe ṣe é, torí náà mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Orí tábìlì mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì dé ọjà rárá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń ta sóòlà máa ń bi èèyàn ni pé, "Yàrá mélòó ni?" Ṣùgbọ́n yàrá kì í jẹ iná. Ohun tí ẹ kó sínú yàrá ló ń jẹ ẹ́. Mo dojú ṣájà làptọ́ọ̀pù mi bolẹ̀, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i nídìí: 19.5V, 3.34A. Ẹ fi fóltì lọ́nà ámpù, wáàtì ni yóò fún yín, tèmi sì jẹ́ 65. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ dé orí gbogbo wọn. Ojú kọ̀ǹpútà ńlá tí mo gbé ka iwájú jẹ́ 25. Ráútà tó ń lo 12V àti 1A jẹ́ 12. Gílóòbù LED jẹ́ 9, fáànù onídùúró jẹ́ 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 161. Wákàtí mẹ́jọ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, 161 lọ́nà 8 sì jẹ́ 1,288. Ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí ohun èlò ilé ń lò, náà máa ń bù jẹ nínú ohun tó ń gbé kọjá, mo wá fi 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó di nǹkan bí 1,480 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Làptọ́ọ̀pù kì í jẹ 65 náà pé ní gbogbo ìgbà, nítorí bó bá ti kún, jíjẹ rẹ̀ á wálẹ̀. Mo mọ̀, síbẹ̀ mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí àyè lè wà.

Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù oníná kò sí nínú ìwé mi. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lè jẹ 1,000 wáàtì, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́fà gbogbo ẹrù orí tábìlì mi lọ. Ìgbà tí iná ìjọba bá wà ni mo ń lọṣọ.

Bátìrì ló gba ìrònú jù, torí òun ló ń kó owó lọ. Bátìrì olójé, 12V àti 200Ah (ámpù-wákàtí), 12 lọ́nà 200, jẹ́ 2,400 wáàtì-wákàtí lórí ìwé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, yóò tètè kú. Ìdajì yẹn jẹ́ 1,200, kò sì tó mi. Kí n ra méjì nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wúwo tó nǹkan bí 60 kílò. Mo wá yà sí ti lithium, 25.6V àti 100Ah, tó jẹ́ 2,560. Èèyàn lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lójoojúmọ́ kó má sì rò ó, ìyẹn 2,048. Ó bo iṣẹ́ ọjọ́ kan mọ́lẹ̀, ó sì tún kù fún gílóòbù àti fáànù lálẹ́. Owó rẹ̀ dun mí níjọ́ tí mo san án, àmọ́ bátìrì yìí máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ju olójé lọ dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fojú kéré ọ̀rọ̀ fóltì fún yín. Iná kan náà, tí a bá gbé e láti 12V lọ sí 24V, ámpù tó ń gba inú waya kọjá á dín sí ìdajì. Waya ò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀, iná ò sì ní máa ṣòfò púpọ̀ lójú ọ̀nà. Èyí ló jẹ́ kí n ra ínfátà 24V.

Ní ti páńẹ́lì, méjì ni mo rà, 450 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn máa ń ràn ní Ìjẹ̀bú láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n tí a bá pa agbára rẹ̀ pọ̀, bíi wákàtí mẹ́rin oòrùn kíkún ni mo kà sí. 900 lọ́nà 4 jẹ́ 3,600. Mo yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nítorí ooru, eruku àti waya, ó ku 2,700. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, mo fi wákàtí mẹ́ta ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ 2,025. Ó ṣì gbé mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ooru ni páńẹ́lì ń fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ló ń fẹ́ ní tirẹ̀. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù, ìdí nìyẹn tí a ò fi gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ mọ́ páànù pẹrẹsẹ. Ó yẹ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọjà Alábà ní Èkó ni mo ti ra ẹrù náà. Ọ̀gá tó ń tà á fẹ́ kí n gbé ínfátà tó tóbi ju èyí tí mo wá rà lọ. Mo na ìwé ìṣirò mi sí wọn, a jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi tán." Mo gbé páńẹ́lì sínú oòrùn, mo fi mítà wọn fóltì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ mu, mo tó sanwó. Ẹ má tijú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Sàgámù wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọwọ́ mi ò kúrò lára páńẹ́lì nínú ọkọ̀, gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò ni àyà mi ń já.

Ọ̀rọ̀ òrùlé wá kù. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá onílé, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò ní dá òrùlé mi lu? Òjò ló ń bọ̀ yìí o."

"Rárá mà. Kápẹ́ńtà yín tó kan òrùlé yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi pè."

Ojú wọn rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kápẹ́ńtà náà mọ ibi tí igi wà lábẹ́ páànù, igi yẹn ló sì de irin tó gbé páńẹ́lì mọ́. Kò sí ìṣó tó dúró sórí páànù lásán. Ó fi rọ́bà sídìí ìdè kọ̀ọ̀kan, ó sì fi gọ́ọ̀mù dí i.

Ibi tí a ó gbé páńẹ́lì sí gba gbogbo Sátidé kan lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn sí Sátidé yẹn. Àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni Ìjẹ̀bú-Òde wà, ní bíi dígírì 7, nítorí náà apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà fún ìgbà tó pọ̀ jù nínú ọdún. Gúúsù ni mo kọjú páńẹ́lì sí, mo dà á díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku rẹ̀ dànù. Igi àgbọn aládùúgbò ló kù. Mo gbé àga sí àgbàlá, mo da gàrí Ìjẹ̀bú sómi, mo bu ẹ̀pà sí i, mo ń mu ún, mo sì ń wo bí òjìji igi náà ṣe ń rìn lórí páànù. Ìgbà tó fi di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ti bo ìdajì ibi tí a kọ́kọ́ rò. A sún páńẹ́lì lọ sí ìpẹ̀kun kejì. Nígbà tí ẹ bá so páńẹ́lì méjì tẹ̀léra wọn, òjìji imọ̀ àgbọn tó bọ́ sórí ọ̀kan lè fa èkejì sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀.

Waya kì í ṣe iṣẹ́ mi, mo jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣe é. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fò ni fíùsì lẹ́nu bátìrì, bírékà láàárín páńẹ́lì àti ínfátà, àti ọ̀pá bàbà tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ nítorí àrá. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní ìlú wa kì í rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìgbà tó kan ìwé ìlànà ínfátà ni mo padà sídìí iṣẹ́ tí mo mọ̀. Mo kà á tán. Ọ̀nà méjì ni ínfátà yìí lè gbà yí láti iná ìjọba sí bátìrì: ọ̀kan máa ń gbà tó ìdá ogún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí wọ́n kọ UPS sí sì ń gbà tó ìdá mẹ́wàá. UPS ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, kí ráútà má baà mọ̀ pé iná lọ. Lẹ́yìn tí mo dán an wò tán ni mo ṣètò rẹ̀ kó kọ́kọ́ lo oòrùn, kó lo bátìrì tẹ̀ lé e, kí iná ìjọba gbẹ̀yìn.

Mo dán an wò níbi ìpàdé àárọ̀ gidi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kàn mí, mo nawọ́ sí bírékà iná ìjọba, mo pa á, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi. Arábìnrin tó ń darí ìpàdé dúpẹ́, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ayọ̀ tí mo yọ̀ nínú yàrá yẹn, ẹni tí ìpàdé ti já mọ́ lẹ́nu rí ló lè mọ̀ ọ́n.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tó kù lórí rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu páńẹ́lì ní kùtù, kí oòrùn tó mú un gbóná. Òjò lè máa pa páànù lọ́sàn-án, kí iná àdúgbò lọ tefétefé, èmi á wà lórí àga mi, fáànù á máa fẹ́, iṣẹ́ á máa lọ. Mo fẹ́ràn irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ púpọ̀.

Ìyá onílé, tí wọ́n máa ń bi mí tẹ́lẹ̀ pé "Ṣé o ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni?", ti ní kí n wá bá àwọn ka ẹ̀yìn fírísà tí wọ́n fi ń ta omi tútù. Mo ti ṣàlàyé fún wọn pé fírísà kì í ṣe ẹgbẹ́ gílóòbù: bí mọ́tò rẹ̀ bá fẹ́ gbéra, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ju èyí tí wọ́n kọ sí i lára lọ, kò sì lè jókòó ti tèmi lórí bátìrì kan. Ó máa ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. A ti kọ wáàtì rẹ̀ sílẹ̀, a ti wọn ibi tó kù lórí páànù. Àjọ wọn ló kù kó kàn wọ́n, kí a tún ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà.