Bí ẹ ṣe lè wo fíìmù nípa ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́, kó sì yé yín

Bí ẹ bá jókòó ti fíìmù tó ń ṣàfihàn ìgbé ayé ẹgbẹ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ gígùn jẹun, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó borí. Kámẹ́rà ò ní í jẹ́ kó bọ́ lójú yín. Ẹni tó ń gbé omi fún un ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ jẹ́ ká mú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé. Láti 2018, èèyàn 8 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wá. Ìpele 21 ni wọ́n máa gùn láàárín ọ̀sẹ̀ 3, ọ̀nà tó sábà máa ń tó nǹkan bíi 3,400 kìlómítà. Nínú ẹgbẹ́ tó bá ń lé aṣọ yẹ́lò, ìyẹn aṣọ ẹni tí àpapọ̀ àkókò rẹ̀ kéré jù, ẹnì kan ni ọ̀gá, iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn 7 yòókù wá ṣe. Domestique ni wọ́n ń pè wọ́n. Afẹ́fẹ́ ló fà á: ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gbà á, ẹni tó bá sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ò ní í lo agbára tó tẹni iwájú. Wọ́n á máa fi ọ̀gá pamọ́ bẹ́ẹ̀ títí wọn ó fi kan òkè.

Èmi máa ń dá fíìmù dúró nígbà tí mo bá rí ọ̀kan nínú wọn tó ń dẹ eré, tó ń rọra bọ́ sẹ́yìn. Kò rẹ̀ ẹ́ o, ọ̀dọ̀ mọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lọ. Kóòṣì á na ike omi sí i látojú fèrèsé. Á ti méjì bọ àpò ẹ̀yìn aṣọ, á ti òmíràn gba ọrùn aṣọ wọlé, títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi rí gọngọ bíi ti abuké. Ó wá ku kó gbé ẹrù yẹn sáré bá àwọn tí kò dúró dè é. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ méjèèjì nígbà tí ike bá ń kọjá. Bí agunkẹ̀kẹ́ ti dì í mú, tí kóòṣì náà ò tíì jù ú sílẹ̀, mọ́tò ló ń fà á lọ yẹn. Òfin ò fàyè gbà á, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé wọn. Ní tèmi, bí kò bá ti pẹ́ jù, mo máa ń mójú kúrò.

Mọ́tò wọ̀nyẹn kì í tò bó ṣe wù wọ́n. Ipò ẹni tó mókè jù nínú ẹgbẹ́ ló ń sọ ibi tí mọ́tò wọn máa wà lórí ìlà. Ẹgbẹ́ tí kò rọ́wọ́ mú, ẹ̀yìn pátápátá ni tiwọn. Bí táyà bá jò, wọ́n á dúró pẹ́ kí ìrànwọ́ tó dé. Ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún náà ni wàhálà tún ń wá kún tirẹ̀.

Bí fíìmù bá dé òtẹ́ẹ̀lì, ẹ wo soigneur tó ń fi òróró wọ́ ẹsẹ̀ wọn. Orí tábìlì tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí yẹn ni wọ́n ti máa ń sọ ohun tí wọn ò lè sọ níwájú kóòṣì.

Alẹ́ tí ọ̀gá bá jáde nínú ìdíje ló dùn ún wò jù. Ní Giro d'Italia 2022, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Ítálì, Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, borí ní ìpele 10. Ibi tó ti ń ṣí ìgò wáìnì lórí pèpéle ni ìdérí ti ta bà á lójú, kò sì lè bá wọn gùn lọ́jọ́ kejì. Ní ìpele 16, Jan Hirt tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ló borí. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ wo tábìlì oúnjẹ alẹ́: ta ló ń jẹun, ta ló ń wo kóòṣì lójú, ta ni wọ́n máa sọ fún pé ọ̀la di tiẹ̀.

Ó ku owó. €500,000 ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gba Tour, àṣà wọn sì ni pé kó pín in fáwọn tí wọ́n jọ gùn ún àtàwọn òṣìṣẹ́. Fíìmù tó bá fi aṣọ yẹ́lò wọ ẹnì kan tó sì parí síbẹ̀, láìdé ibi ìpínwó, ẹ wá òmíràn wò.